Fákítọ̀ Mẹ́ta Tí Mo Ń Wá

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹrin, 1964

Ọkọ mi ló ra ìwé kàyé yìí fún mi kí ó tó lọ. Ó ní kí n máa fi ṣe ìṣirò. Mo ti yí i sódì, mo ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ kọ tèmi, torí pé bí mi ò bá rí ibi tú ayọ̀ yìí sí, àyà mi á bẹ́. Oṣù kan àti ọjọ́ méjìlélógún ni mo ti di ìyàwó! Lówùúrọ̀ yìí mo gbálẹ̀ àgbàlá lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Ìyá, ìyá ọkọ mi, ní ilẹ̀ náà ti ń dán jù lójú òun.

Ọjọ́ kejìdínlógún lẹ́yìn ìgbéyàwó ni ìwé ìjọba dé pé kí ọkọ mi máa lọ kọ́ni ní Párákú. Yàrá kan ni òun àti olùkọ́ méjì mìíràn jọ ń sùn níbẹ̀, kò sí àyè ìyàwó. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún. Ó ní, "Má sunkún. Ṣe ìṣirò."

Kì í ṣe àwàdà ló ń ṣe. Ní oṣù kẹfà, ìdánwò kọ́nkúù kan wà ní Àjàṣẹ́, wọn yóò mú ènìyàn méjìlá sí kíláàsì ìṣirò gíga, àwọn tí yóò di olùkọ́ ìṣirò fún Dàhòmì tuntun yìí. Ẹni tó bá ti ní ìwé ẹ̀rí BEPC lè jókòó fún un. Èmi ní i. Ọ̀gá ọkọ mi sì ti ṣèlérí pé bí ìyàwó bá wọlé sí Àjàṣẹ́, òun yóò gbé ọkọ sún mọ́ ọn ní oṣù kẹwàá. Bí mi ò bá wọlé, ọdún mẹ́ta ni Párákú. Ọdún mẹ́ta!

Ohun tó ń já mi láyà ni x³. Lọ́dọ̀ àwọn mà sẹ́ẹ̀rì, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì tó kọ́ wa, x² la bá dé, ibẹ̀ la sì dúró sí.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù kẹrin

Lẹ́tà dé! Séraphin ló gbé e wá, ọmọ Dáàgbé tó ń gun kẹ̀kẹ́ kó lẹ́tà káàkiri, tí súfèé ẹnu rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Fákítọ̀ ni gbogbo ilé ń pè é. "Fákítọ̀ dé o!" ni mo gbọ́ tí mo fi sáré, mo da omi ọṣẹ sí Ìyá lẹ́sẹ̀. Ìyá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí.

"Ìyàwó, ṣé ilé ń jó ni?"

Ojú ewé mẹ́rin. Mẹ́ta jẹ́ ìṣirò. Èyí tó ṣìkẹrin kò kan kàyé yìí.

Ó ní kí n wo nọ́ńbà tó dá dúró ní ìparí. Gbogbo nọ́ńbà tó bá lè pín in láìṣẹ́kù, kí n máa fi wọ́n sí ipò x lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n dán an wò pẹ̀lú àmì àròpọ̀, kí n dán an wò pẹ̀lú àmì àyọkúrò. Èyí tó bá sọ gbogbo rẹ̀ di òfo ni gbòǹgbò. Bí 1 bá jẹ́ gbòǹgbò, x − 1 jẹ́ fákítọ̀. (Facteur ni ọkọ mi kọ, ṣùgbọ́n bí ẹnu mi ṣe ń pè é nìyí, àwọn mà sẹ́ẹ̀rì bú mi títí, kò yí padà.) Mú fákítọ̀ yẹn jáde síta, fi ìyókù sínú àkámọ́, kí o sì wá méjì tó kù níbẹ̀. Ó ní x³ tó bá jẹ́ ọmọlúàbí, fákítọ̀ mẹ́ta ló máa ń ní.

Mo ti ka ojú ewé kẹrin nígbà mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kẹrin

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó lọ sóko, kò sẹ́ni tó lọ sọ́jà Ìgòlò. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo fi ẹfun kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà:

x³ − 6x² + 11x − 6

Mo fi 1 sí ipò x. Ọ̀kan, yọ mẹ́fà, ro mọ́kànlá, yọ mẹ́fà. Òfo! Mo pariwo, "Mo ti rí fákítọ̀ kan! Ó ku méjì!" Mo mú un jáde síta, mo fi ìyókù sínú àkámọ́, x² ni, mo ti mọ x² lámọ̀dunjú. Méjì tó kù yọjú bí ọmọ tó ń ṣe bojúbojú: x − 2, x − 3. Mo jó yí yàrá ká. Òrùlé páànù ń pariwo, èmi náà ń pariwo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù kẹrin

Epo kẹrosíìnì ti fi fíráǹkì mẹ́ta gun orí. Ojúmọmọ ni màá máa ṣiṣẹ́ tèmi.

Ọjọ́rú, 22 oṣù kẹrin

Lẹ́tà kejì. Ó bá mi wí! Nínú x³ − 7x + 6, mo ṣe bí ẹni pé x² wà níbẹ̀, mo sún gbogbo nǹkan síwájú bí èrò inú ọkọ̀. Ó ní, "Ẹni tí kò sí nílé, má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó sórí àga rẹ̀. Fi òfo sí i." Inú bí mi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà mo gbóòórùn ìwé náà.

Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù kẹrin

Ìyá Jẹ́láàní, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, wá jókòó tì mí nídìí àdògán. Ó ń fẹ́ná, ó ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú.

"Ìyàwó, ara rẹ ń dán o."

"Ayọ̀ ni, ìyálé mi."

"Ayọ̀ kí ni? Ṣebí Párákú ni ọkọ rẹ wà?"

"Mo rí fákítọ̀ mẹ́ta lánàá, kí oúnjẹ tó jinná! Ẹ̀kẹta ló le jù, ṣùgbọ́n mo mú un."

Ó gbé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó lọ. Mo rò pé èéfín ló lé e.

Ọjọ́ Àìkú, 3 oṣù karùn-ún

Kò sí lẹ́tà.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù karùn-ún

Séraphin gba iwájú ilé kọjá, kò súfèé, kò tẹ aago kẹ̀kẹ́. Mo nawọ́ sí i. Ó wo òdìkejì ọ̀nà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ìlú sí.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù karùn-ún

Mo sá tẹ̀lé e. Ojú tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sá tẹ̀lé e dé ìdí igi ọsàn, bàtà mi kan bọ́ sílẹ̀.

"Séraphin! Lẹ́tà mi dà?"

Ó dúró, ṣùgbọ́n kò sọ̀kalẹ̀. "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́. Èmi náà ní ìyàwó. Ẹ bi àwọn ará ilé yín."

"Kí ni kí n bi wọ́n?"

Ó ti lọ. Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti odò dúró tẹnu bọ ọ̀rọ̀. Mo he bàtà mi.

Bóyá ọkọ mi ń ṣàìsàn. Bóyá ó ti rí ẹlòmíràn ní Párákú, wọ́n ní àwọn obìnrin ibẹ̀ ga. Mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró. Mo fọ aṣọ tó mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù karùn-ún

Èyí tó wà níwájú mi báyìí, nọ́ńbà kan ti lẹ̀ mọ́ iwájú x³ rẹ̀:

2x³ + x² − 13x + 6

Mo dán 1 wò. Kò gbà. Mo dán 2 wò, òfo! Mo dán −3 wò, òfo! Mo dán gbogbo àwọn tó lè pín mẹ́fà wò, ti àròpọ̀ àti ti àyọkúrò, kò sí ìkankan mọ́. Ẹ̀kẹta dà? Mo nu ilẹ̀kùn náà, mo tún un kọ, mo tún un nù. Ọwọ́ mi funfun bí ọwọ́ ẹni tó ń po fùláwà. Oṣù kan ó lé díẹ̀ ló kù. Kò sí ẹni tí mo lè bi ní Ìfọ̀nyìn yìí, ẹni tí mo lè bi kò sì kọ̀wé.

"Fákítọ̀ kẹta, níbo lo wà?" ni mo kígbe sí ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń rìn kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù karùn-ún

Ẹ̀rín ni, ẹkún ni, mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Nígbà tí mo ti ìsìn dé, Ìyá pè mí sí yàrá rẹ̀. Ìyá Jẹ́láàní jókòó lórí ẹní, ó ń ṣa ẹ̀wà, ẹ̀wà tí mo fọwọ́ ara mi ṣà lánàá. Ìyá ní kí n jókòó.

"Ìyàwó, ṣé ebi ń pa ọ́ nílé yìí?"

"Rárá o, Ìyá."

"Ṣé Ràfáẹ̀lì ọmọ mi lù ọ́ kí ó tó lọ?"

"Ìyá!"

"Kí lo wá ń fi fákítọ̀ ṣe?"

Mo rò pé ó fẹ́ mọ̀ nípa iṣẹ́ mi. Inú mi dùn! Mo ní, "Ti ìdánwò ni, Ìyá. Bí mi ò bá mọ fákítọ̀ dáadáa, mi ò lè wọlé ní Àjàṣẹ́."

Ìyá Jẹ́láàní pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ ọ? Ẹnu ara rẹ̀ ni!"

"Dákẹ́ ná," ni Ìyá wí.

"Mi ò lè dákẹ́. Ọjọ́ òjò yẹn, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ: 'Mo ti rí fákítọ̀ kan, ó ku méjì.' Ìyá, ẹyọ kan ṣoṣo ni ìjọba fún gbogbo agbègbè yìí! Níbo ló ti fẹ́ rí méjì? Ó tún ní òun mú un jáde síta, òun fi ìyókù sínú àkámọ́. Àkámọ́ wo? Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ó ń sunkún pè é nínú yàrá, tilẹ̀kùn tilẹ̀kùn."

Ìyá ní, "Wọ́n rí ọ ní ìdí igi ọsàn, o ń sá tẹ̀lé Séraphin, ẹsẹ̀ kan bàtà, ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n bá mi kọ̀wé sí Ràfáẹ̀lì. O ò lọ sí Àjàṣẹ́ kankan mọ́."

Ìgbà náà ló tó yé mi. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, Ọlọ́run dárí jì mí, ẹ̀rín tí mo fi dojú bolẹ̀. Ojú Ìyá le sí i. Mo rí i pé bí mi ò bá sọ̀rọ̀ kíákíá, ilé ti tú nìyẹn. Mo wá rí páálí ṣúgà tó tò sí ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tó ń tà ní Ìgòlò.

"Ìyá, ẹyọ mélòó ló wà nínú páálí kan?"

"Ọ̀rọ̀ ṣúgà kọ́ la ń sọ."

"Ẹ dákun, Ìyá."

"Ogóje."

"Ẹ ò ṣí i. Ẹ ò kà á."

Ó wò mí bí ẹni ń wo òpè. "Mẹ́rin ní ìbú, márùn-ún ní òró, ogún nìyẹn. Ìpele méje. Ogún méje, ogóje. Ta ló fẹ́ jókòó ka ṣúgà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan? Ọjà á tú mọ́ ọn lórí."

"Mẹ́rin, márùn-ún, méje. Àwọn mẹ́ta yẹn, Ìyá, fákítọ̀ ogóje ni Faransé ń pè wọ́n. Òyìnbó ló fi orúkọ kan ṣoṣo pe ohun méjì. Ẹni tó ń kó lẹ́tà ń jẹ́ fákítọ̀. Nọ́ńbà tí a fi ìlọ́po kọ́ nọ́ńbà ńlá náà ń jẹ́ fákítọ̀. Séraphin kọ́ ni mo ń wá. Ìbú, òró àti ìpele ni mo ń wá."

Ìyá fa páálí kan, ó ṣí i, ó fi ìka rẹ̀ tọ ìbú, ó tọ òró, ó fi àtàńpàkò ka ìpele láti ẹ̀gbẹ́.

"Páálí tìrẹ ńkọ́, kí ni wọ́n ń fún ọ?"

"Wọ́n á dì í pa. Wọ́n á kàn sọ gbogbo iye rẹ̀ fún mi. Nígbà mìíràn, iye náà gan-an kì í dúró sójú kan, x wà nínú rẹ̀."

"Wọn ò jẹ́ kí o ṣí i?"

"Wọn ò jẹ́."

"Iṣẹ́ ìkà gbáà nìyẹn," ni Ìyá wí. Ó gbé ẹyọ ṣúgà kan sí ẹnu. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàtà kan ẹsẹ̀ kan yẹn ńkọ́? Ìyẹn náà, ìpele ni?"

"Lẹ́tà ọkọ mi ni mo ń béèrè, Ìyá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé, kò kọ nǹkan kan sí mi." Ibẹ̀ ni ẹkún gbà mí.

Ìyá Jẹ́láàní ṣàdéédé rí òkúta nínú ẹ̀wà náà. Ìyá dìde, ó ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, ó ki ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Lẹ́tà mẹ́rin ló mú jáde, kò já èyíkéyìí.

"Èmi ni mo ní kí Séraphin máa kó wọn fún mi," ni ó wí, kò wo ojú mi. "Mi ò mọ̀wé. Mi ò lè ya ti ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ti àlè. Mo bá kó gbogbo rẹ̀ pa mọ́."

Mo dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n má fi ẹkún ba ṣúgà òun jẹ́.

"O máa lọ ṣe ìdánwò rẹ. Ṣùgbọ́n èmi náà ń lọ. Nọ́ńbà ni, mo ti gbọ́. Séraphin náà sì ní eyín tó funfun."

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù karùn-ún

Lẹ́tà mẹ́rin, ojú ewé kẹrin mẹ́rin! Nínú ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni fákítọ̀ tó sá fún mi wà. Bí nọ́ńbà bá wà níwájú x³, gbòǹgbò lè jẹ́ ìdajì. Ìdajì! Èmi sì ń wá odidi kiri. 2x − 1 ni. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo dì mọ́ ọn.

Nínú ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ó ń béèrè ohun tó ṣe mí tí mi ò fèsì, bóyá mo ti gbàgbé òun. Mo sáré kọ ojú ewé mẹ́jọ. Mo sọ fún un pé kí ó jókòó kí ó tó ka ìwé tí wọ́n bá Ìyá kọ.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù karùn-ún

Ìwé tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ọkọ mi ní òun ti kọ ọ́, òun ti fi ránṣẹ́ láti Párákú. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlélógún. Oúnjẹ kì í wọlé mọ́. Mo ń ṣe mẹ́rin lójúmọ́. Lálẹ́, bí Ìyá bá ti ọjà dé, ohun tó ń bi mí ni, "Mélòó lo tú lónìí?" Bí mo bá ní mẹ́rin, á ní, "Àwọn tó kù ńkọ́?"

Ọjọ́rú, 10 oṣù kẹfà

Òjò, òjò, òjò. Àgbàdo ti ga dé àyà. Lónìí mo ṣe méje, mo ṣi mẹ́ta. Àmì ni gbogbo ìgbà, àmì! Ìyá Jẹ́láàní gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín wá fún mi, kò tíì tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà pọ̀.

"Wá," ló ní, "nọ́ńbà wọ̀nyí, ṣé wọ́n ń bímọ?"

"Wọ́n ń bímọ, ìyálé mi. Ẹ̀ta ẹ̀ta."

"Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù kẹfà

Mo ti ṣe é. Àwa bí ọgọ́rùn-ún la jókòó, obìnrin mẹ́sàn-án. Ìbéèrè kẹta: 2x³ − 3x² − 11x + 6. Ọkàn mi lù débi pé mo rò pé ẹni iwájú mi ń gbọ́. −2, òfo. 3, òfo. Ìdajì, òfo! Mo fẹ́ dìde kí n jó. Mi ò dìde. Ìbéèrè karùn-ún kò yé mi rárá, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo jáde, Ìyá wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ti ta ṣúgà fún gbogbo àwọn òbí tó ń dúró.

Ìbéèrè karùn-ún yẹn. Mo ń rò ó ṣáá.

Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù kẹfà

Òní ni wọ́n pe orúkọ. Kí ojú tó là dáadáa la ti wọ ọkọ̀, èmi àti Ìyá. Ìyá ní òun ń lọ wo iye tí ṣúgà jẹ́ ní Àjàṣẹ́.

Ènìyàn kún iwájú ilé ìwé bámúbámú. Ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ awò ojú dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó ní méjìlá péré ni òun yóò pè, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé lẹ́tà. Ẹni tó bá gbọ́ kí ó dáhùn, kí ó wá fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tí a bá pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, ẹni kẹtàlá ló ni àyè rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti A. Èmi ọmọ Ọ̀ṣuntókun, mo mọ̀ pé O ṣì jìnnà. Mo di ojú mi, mo ń gbàdúrà. Kí ó fo gbogbo wọn, kí ó yára dé O. Mo gbọ́ D, mo gbọ́ ẹnì kan tó fò sókè tó ń ké. Ó pe ẹnì kan, kò sí ìdáhùn. Mo ń bá àdúrà mi lọ. Ó tún un pè. Kò sí ìdáhùn. Mo ṣàánú onítọ̀hún, mo ní lọ́kàn mi pé aláìmọ̀kan wo ni yóò fi ọjọ́ bí òní sùn gbàgbé.

Nígbà náà ni Ìyá kígbe. Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ifátóyè! Ifátóyè ni wọ́n ń pè! Ilé wa ni! Ó wà níbí o, Ifátóyè wà níbí!"

Ó tì mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu àtẹ̀gùn. "Ifátóyè Rosalie?" ni ọ̀gbẹ́ni náà wí, ó ń wò mí láti òkè awò rẹ̀. Ọkọ mi ti fi orúkọ ilé rẹ̀ kọ mí sílẹ̀! Ogún ọdún ni mo fi jẹ́ Ọ̀ṣuntókun, oṣù mẹ́rin ni mo tíì fi jẹ́ Ifátóyè, etí mi kò tíì mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Èmi ni." Mo fọwọ́ sí i. Mo wọlé. Oṣù kẹwàá, oṣù kẹwàá, oṣù kẹwàá!

Nígbà tí mo yíjú padà, Ìyá dúró láàárín èrò, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ifátóyè ni bàbá ọkọ rẹ̀. Láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó ti wọ ilé náà ní ìyàwó, Bàbá Rere ló ń pè é, ìgbà tó wà láyé àti ìgbà tó kú. Ọmọ rẹ̀ gan-an kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Orúkọ tí ènìyàn ń yẹra fún tó bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ kò jẹ́ fò ó.

Nínú ọkọ̀, Ìyá ń tún gèlè rẹ̀ wé ṣáá.

"Ìyàwó."

"Ìyá."

"Kí ni mo sọ níbẹ̀ yẹn?"

"Mi ò gbọ́ o, Ìyá. Ariwo pọ̀ jù."

"Ó dáa."

A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Dáàgbé kí ó tó tún la ẹnu. Ó tẹ̀ sí mi létí, kí àwọn èrò ọkọ̀ má baà gbọ́.

"Orúkọ náà mà dùn ún pè."